Ahọ́n Ẹ̀rọ

…tàbí kí n sọ ọ́ nígbà tí a bá tún dúró. Hẹn. Ohun tí mo sọ nígbà tí a fẹ́ dúró lẹ́ẹ̀kíní náà nìyẹn. Mo tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Mo wá jókòó sẹ́yìn mọ́tò bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gún lábẹ́rẹ́. Ìwọ obìnrin yìí, ẹni ogójì ọdún ó lé! Sọ̀rọ̀. Bàbá rẹ ni, kì í ṣe adájọ́.

Bàámi jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ mi tó ń wa mọ́tò. Ẹ̀yìn ọrùn wọn ni mo ti ń wò láti àárọ̀. Ó ti tín-ín-rín. Nígbà wo ló tín-ín-rín tó báyìí? Kọ́là ẹ̀wù dúró gbagidi, ọrùn ò kún un mọ́. Wọ́n ń wo òréré bí ọmọdé tó ń lọ fún ìsinmi, gbogbo ohun tó bá kọjá ni wọ́n ń tọ́ka sí. Wọ́n rò pé ọ̀sẹ̀ méjì ni. Ọ̀sẹ̀ méjì péré lọ́dọ̀ àbúrò wọn obìnrin, kí ara sinmi, ká tó padà wá gbé wọn. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ẹnu mi yìí náà ni. "Ọ̀sẹ̀ méjì ti pọ̀ jù," wọ́n ní, "ta ni yóò máa bá ọ fa ilẹ̀kùn irin ṣọ́ọ̀bù sókè? Ó ń há." Mo ní, "Màá fà á, Bàámi." Wọ́n ní ó dáa. Wọ́n lọ di báàgì kékeré kan ṣoṣo. Èmi ni mo di àpótí mẹ́ta tó wà lẹ́yìn mọ́tò, aṣọ òtútù ló kún inú rẹ̀. Aṣọ òtútù o, nínú ooru yìí. Fún ọ̀sẹ̀ méjì.

A ò ní í padà lọ gbé wọn. Háà, mo mà ti sọ ọ́. Nínú ikùn. Nínú ikùn, mo lẹ́nu dáadáa.

Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n jẹ́ sí obìnrin tó ń dúró dè wá níbẹ̀, ohùn rẹ̀ lórí fóònù kò sì fi mí sílẹ̀. "Gbé e wá jàre. Yàrá wà, ọgbà wà, kó máa bá mi wo àwọn adìyẹ. Ṣùgbọ́n kó o ti sọ fún un kẹ́ ẹ tó dé o. Mi ò fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́nu ọ̀nà mi kó máa bi mí léèrè ọjọ́ tí òun ń padà." Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Àǹtí." Ẹ má ṣèyọnu! Ó kù bíi wákàtí méjì ká dé. Ọkọ mi náà sọ ọ́ lánàá, bó ṣe ń bu omi sí mọ́tò: "Tó o bá fẹ́ kí n bá ọ sọ fún Bàbá, màá sọ ọ́." Mo ní rárá, ọ̀rọ̀ tèmi ni. Ó wò mí. Kò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́ tèmi tó. Òun náà ò mọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀…

Fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Ọmọ mi obìnrin tó jókòó tì mí yìí, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ìwé ló ń kọ lórí orúnkún. Olùkọ́ wọn ló fún wọn ní iṣẹ́ àṣetiléwá ìsinmi, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n bá rí kọ́ lójú ọ̀nà. Igi àti ẹyẹ ni olùkọ́ ní lọ́kàn, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bàámi ti gba iṣẹ́ náà ṣe mọ́ ọn lọ́wọ́. Wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ, Akọ̀wé. Ibi tí a bá ti dúró, wọ́n á rí ẹ̀kọ́ níbẹ̀, ẹ̀kọ́ òwò sì ni gbogbo rẹ̀, kò sí ẹyẹ kan ṣoṣo nínú ìwé yẹn. "Màmá," ọmọ náà ní lẹ́ẹ̀kan, "ti bàbá àgbà ti di méjì. Tiyín ńkọ́?" Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó. Mo ṣì ń rò ó.

Ti ilé epo ló ṣáájú. Ọmọbìnrin tó ń ta epo kò tíì fi ẹnu rọ́bà sí táǹkì tó fi ọwọ́ kan gíláàsì: "Bàbá, ẹ wò ó o, òdo ni." Ojú ọkọ mi wà lára fóònù, kò tilẹ̀ gbọ́. Ṣùgbọ́n bàámi! Wọ́n ṣílẹ̀kùn. Wọ́n sọ̀kalẹ̀. Wọ́n lọ wo òdo lójú ẹ̀rọ epo. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ náà bí ẹni tó gba ẹ̀bùn, wọ́n padà wọlé, wọ́n ní, "Akọ̀wé, kọ ọ́ sílẹ̀. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, jẹ́ kí oníbàárà rí òdo. Ẹni tí kò bá rí òdo, kò lè mọ ibi tó o ti gbéra." Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n eyín nìkan ló wà nínú ẹ̀rín tèmi. Nítorí pé èmi ò fi òdo han Bàámi alára. Mo kàn gbé wọn sínú mọ́tò ni, mo ní ẹ jẹ́ ká lọ.

Ti ọlọ́sàn tún tẹ̀ lé e. Obìnrin kan ní ẹ̀gbẹ́ títì, ó to ọsàn sórí tábìlì, àwọn tó ti fara gbọgbẹ́ ló kó síwájú pátápátá. Mo rò pé kò mọ ọjà tà ni. Kí n tó nawọ́, ó ní, "Àǹtí, àwọn yẹn ti fara pa o, ẹ jẹ wọ́n lónìí. Àwọn tẹ́yìn ni kẹ́ ẹ gbé lọ fún ẹni tẹ́ ẹ ń lọ kí." Bàámi ra tiwájú, wọ́n ra tẹ́yìn. Wọ́n bó èyí tó fara pa nínú mọ́tò, omi rẹ̀ ń kán sí wọn lẹ́wù, inú wọn ń dùn. "Akọ̀wé, ẹni tó bá fi àléébù ọjà rẹ̀ hàn ọ́, o lè di ojú ra èyí tó kù. Àléébù kì í pa òwò. Kí oníbàárà fúnra rẹ̀ lọ bá a nílé ló ń pa òwò." Wọ́n wẹ̀yìn wò mí. "Àbí irọ́ ni, ìyá mi?" Ìyá mi ni wọ́n ń pè mí tí inú wọn bá dùn, nítorí ojú mi jọ ti ìyá wọn. Mo ní, "Òótọ́ ni, Bàámi." Ọsàn wà lẹ́nu mi, kò dùn, kò kan.

Kí ló dé tó jẹ́ pé ohun kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń sọ? Fi hàn. Fi hàn. Jẹ́ kó rí i. Ṣé ọ̀nà yìí ló dìtẹ̀ mọ́ mi ni, àbí…

Rárá, bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú nìyẹn. Ẹ̀rọ ìránṣọ ni bàámi ń tún ṣe. Ọdún kọkànlélógójì rèé. Èmi ti bá wọn ṣe é fún méjìdínlógún. Bàbá Ẹlẹ́rọ ni gbogbo aránṣọ ń pè wọ́n, wọ́n sì ní òfin kan tí mi ò tíì rí lọ́dọ̀ ẹlòmíì. Tí wọ́n bá tún ẹ̀rọ ṣe tán, wọ́n á gé aṣọ funfun bí ìbú ìka méjì, wọ́n á ti òwú pupa bọ ẹ̀rọ náà, wọ́n á rán aṣọ yẹn láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ, irin tó ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ abẹ́rẹ́. Ahọ́n ni wọ́n ń pè é. Tí oníbàárà bá dé, wọn ò ní í sọ pé ó ti dáa. Wọ́n á ní, "Gbọ́ tẹnu rẹ̀." Oníbàárà á fa ahọ́n jáde, á yẹ̀ ẹ́ wò, á mọ bí ẹ̀rọ òun ṣe rí. Bí ẹ̀rọ bá ṣì ń fo òwú níbì kan, ó wà lára ahọ́n. "Má gé ibi tí kò dáa kúrò o," ni wọ́n kọ́ mi ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀. "Ahọ́n tí wọ́n gé kì í sọ̀rọ̀."

Mo gé e. Ọlọ́run mi, mo gé e.

Ó di oṣù mẹ́rìnlá báyìí. Òwúrọ̀ kan ni mo tètè dé, mo bá ahọ́n kan lábẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n tún ṣe lọ́jọ́ tó ṣáájú, òwú ìsàlẹ̀ dẹ̀ lára rẹ̀, ó ń wọ́. Wọ́n ti fi bọ́bìnnì tí òwú ìsàlẹ̀ wà lára rẹ̀ sí i lódì. Bàámi! Ohun tí wọ́n lè ṣe lójú oorun! Mo tún un ṣe wéré, mo rán ahọ́n tuntun, mo ju ti wọn sínú apẹ̀rẹ̀ pàǹtí. Ìfẹ́ ni mo pè é. Mo ní ta ni kì í ṣàṣìṣe. Oṣù tó tẹ̀ lé e, méjì. Lẹ́yìn náà, ọ̀sẹ̀ kan ò lè kọjá. Mo wá sọ ọ́ di iṣẹ́ òwúrọ̀, kí wọ́n tó dé, màá ti yẹ gbogbo ẹ̀rọ wò, màá ti tún gbogbo rẹ̀ ṣe, ahọ́n tèmi ni yóò wà níbẹ̀ tí oníbàárà bá dé. Àwọn aránṣọ á ní, "Bàbá Ẹlẹ́rọ, ọwọ́ yín ò mà yẹ̀ o!" Bàámi á rẹ́rìn-ín músẹ́. Èmi náà á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, màá máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Òpùrọ́ méjì… rárá. Òpùrọ́ kan. Wọn ò mọ nǹkan kan.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún wọn wàyí pé ọwọ́ wọn ti yẹ̀? Kí ni màá fi hàn wọ́n? Gbogbo ẹ̀rí tó wà nílẹ̀, èmi ni mo rán an, ó sì ń yìn wọ́n. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀, wọ́n ṣe ohun tó yẹ, wọ́n fi ahọ́n sílẹ̀ kí ahọ́n lè sọ fún wọn tó bá dọjọ́ kan. Èmi ni mo dí i lẹ́nu. Oṣù mẹ́rìnlá gbáko.

Ọmọ mi ń fi bírò ha etí. Ó ń kọrin kan tí kò ní ọ̀rọ̀. Tí mo bá ní kó dákẹ́, màá gbọ́ ara mi, ó yá kó máa kọ ọ́.

Ìyẹn nìkan kọ́. Tó bá jẹ́ ìyẹn nìkan ni, ǹ bá ti sọ ọ́ ní ilé epo. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Aránṣọ kan wà, Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni gbogbo wa ń pè é, nítorí bó ṣe máa ń bá ẹ̀rọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nìyẹn tó bá gbé e sórí káńtà, "pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́," bí ẹni ń gbé ìkókó sùn. Ó ti tó ogún ọdún tó ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ìyẹn ni mo ṣe é fún. Ọjọ́ yẹn, ọmọ yìí ló pàdánù bọ́ọ̀sì ilé-ìwé, mo mú un lọ, mo pẹ́. Mo dé ṣọ́ọ̀bù, Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Bàámi ń bá a ṣẹ̀fẹ̀ níta. Mo wọlé, mo fa ahọ́n tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀ — òwú já níbi mẹ́ta, ihò kékeré kan sì wà láàárín, ibi tí abẹ́rẹ́ ti gbá irin ìsàlẹ̀. Mo mọ ohun tí ihò yẹn túmọ̀ sí. Mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Abẹ́rẹ́ yẹn máa dá. Àtúnṣe wákàtí kan ni, wákàtí ò sì sí, ohùn Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ti ń sún mọ́ ilẹ̀kùn. Mo ju ahọ́n yẹn sínú apẹ̀rẹ̀. Mo mú ahọ́n kan tí mo rán pẹ̀lú ẹ̀rọ ẹlòmíì. Mo tì í sábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ tirẹ̀.

Ó fà á jáde. Ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní, "Ẹ ò rí i bó ṣe ń tò bí èèrà! Bàbá Ẹlẹ́rọ, ẹ ṣé o." Mo sọ fún ara mi pé màá pè é lọ́la, màá ní kó gbé e padà wá, a fẹ́ fi òróró sí i. Ọ̀la di ọ̀tunla. Lọ́jọ́ kẹta, abẹ́rẹ́ dá lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó sì ta sí i lójú. Sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, lábẹ́ ojú. Ìbú ìka kan péré ló kù.

Kò pariwo. Ì bá pariwo. Ó dé pẹ̀lú bánńdéèjì lẹ́rẹ̀kẹ́, ó gbé ẹ̀rọ sórí káńtà, kò sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó mú ahọ́n yẹn jáde nínú báàgì, ó nà án sí bàámi. "Bàbá, ohun tẹ́ ẹ fún mi rèé." Bàámi gbà á. Wọ́n wò ó títí. Wọ́n yí ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, wọ́n fi àtàǹpàkò tọ òwú dé ìdí, wọ́n tún wò ó. Mo rò pé wọ́n ń gbìyànjú láti rántí ni. Wọ́n ti ń gbàgbé, gbogbo wa la mọ̀ pé wọ́n ti ń gbàgbé. Lẹ́yìn náà wọ́n ká a, wọ́n fi sápò àyà, wọ́n ní, "Ọwọ́ mi ni. Ọwọ́ mi ló yẹ̀. Má bínú, ọmọ mi."

Èmi ńkọ́? Mo dúró níbẹ̀. Irinṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi. Mo ní ẹnu, mo ní ẹsẹ̀, ilẹ̀ kò lanu. Mo dá irinṣẹ́ náà padà sáyè rẹ̀.

Lọ́jọ́ náà gan-an ni ọkọ mi sọ pé, "Ó ti tó o. Bàbá máa pa ẹnì kan." Mo sunkún, mo ní òótọ́ ni, wọ́n ti ń gbàgbé. Òótọ́ sì ni! Ìyẹn ló burú níbẹ̀. Wọ́n ń gbàgbé lóòótọ́, ọwọ́ wọn ti yẹ̀ lóòótọ́, wọn ò gbọ́dọ̀ tún ẹ̀rọ kankan ṣe mọ́. Mo wá fi òótọ́ yẹn bo irọ́ mi mọ́lẹ̀ bí ẹní. Mo pe Àǹtí lórí fóònù. Mo di àpótí mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ihò tó wà lára ahọ́n yẹn ti sọ ọ́ kó tó ṣẹlẹ̀. Ọwọ́ bàámi bàjẹ́, wọ́n sì fi hàn. Ọwọ́ mi ló fi í pa mọ́. Ta ló wá yẹ ká gbé lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn adìyẹ?

Kí nìyẹn? Mọ́tò ń fì. Ọkọ mi ń ya sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Táyà. Táyà ẹ̀yìn, lápá ọ̀dọ̀ mi, ó ti rọ̀ pẹ̀tẹ̀.

Ó dára. Ìdúró kẹta rèé. O ní nígbà tí a bá tún dúró, àbí? A ti dúró. Onítáyà kan tilẹ̀ wà níwájú níbẹ̀ yẹn, táyà tí ó kùn ní funfun dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Gbogbo wọn ń sọ̀kalẹ̀. Bàámi rọra ń na orúnkún. Sọ̀kalẹ̀, tẹ̀ lé wọn. Di ọwọ́ wọn mú. Sọ pé, Bàámi, ẹ jẹ́ ká rìn díẹ̀… Wọ́n ti lọ. Wọ́n ti di ọwọ́ Akọ̀wé mú, wọ́n ti lọ wo bí wọ́n ṣe ń lẹ táyà. Bí wọ́n ṣe ń lọ ni wọ́n ní, "Ìyá mi, bá mi mú awò ojú mi wá nínú báàgì."

Mò ń wò wọ́n láti inú mọ́tò. Onítáyà ti yọ rọ́bà inú rẹ̀, ó ti fẹ́ ẹ, ó ń tẹ̀ ẹ́ bọ inú ọpọ́n omi. Ó ní kí wọ́n súnmọ́ ọn. Ó ń fi ìka hàn wọ́n. Omi ń hó pútúpútú níbi tó ti lu. Bàámi ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tán, ọmọ mi ti bẹ̀rẹ̀, ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò gbọ́ wọn láti ibí, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Kó tó lẹ̀ ẹ́, ó kọ́kọ́ jẹ́ ká rí ibi tó ti ń jò. Mo lè bá wọn sọ ọ́ parí.

Awò. Jẹ́ kí n wá awò. Báàgì kékeré yìí ni wọ́n fúnra wọn dì. Ẹ̀wù méjì. Búrọ́ọ̀ṣì eyín. Irinṣẹ́ kékeré wọn tí èkù rẹ̀ ti dán, wọ́n mú un dání, kí ni wọ́n fẹ́ fi tún ṣe lọ́dọ̀ adìyẹ? Kò sí awò. Aṣọ ìnujú kan wà nísàlẹ̀, wọ́n ta á ní kókó. Ó fúyẹ́. Bóyá nínú rẹ̀…

Ahọ́n.

Ahọ́n ló wà níbẹ̀. Wọ́n pọ̀. Aṣọ funfun, òwú pupa. Èyí ni — èyí ni àkọ́kọ́ náà, òwú ìsàlẹ̀ tó dẹ̀, tó ń wọ́. Mo mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo jù ú nù. Èyí náà, tó fo òwú. Èyí náà. Wọ́n tò wọ́n lé ara wọn, wọ́n fi pẹ́ńsùlù kọ orúkọ aránṣọ sí ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà wọn ń gbọ̀n, bí a ti ń lọ ló ń gbọ̀n sí i. Mi ò tíì rí tèmi kankan níbẹ̀. Tiwọn ni, èyí tí mo jù sínú apẹ̀rẹ̀…

Apẹ̀rẹ̀ pàǹtí. Yéè! Mo gbàgbé. Èmi tí mo ní àwọn ló ń gbàgbé! Ta ló ń da pàǹtí nù nínú ṣọ́ọ̀bù wa? Bàámi ni. Ọdún mọ́kànlélógójì, wọn ò jẹ́ kí ẹlòmíì dà á rí, ojoojúmọ́, kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn. Àwọn náà ló sọ ọ́ fún mi tó fi sú mi: "Tó o bá fẹ́ mọ bí ilé iṣẹ́ kan ṣe rí, wo ohun tó ń dà nù." Mo gbọ́ ọ títí, mi ò gbọ́ ọ rárá. Mo ń ju ahọ́n wọn sínú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn tú.

Láti àkọ́kọ́ ni wọ́n ti mọ̀. Láti oṣù mẹ́rìnlá.

Mo fa ti ìsàlẹ̀ pátápátá yọ. Òwú já níbi mẹ́ta. Ihò wà láàárín. "Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́" ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ahọ́n kejì ló wà pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n fi pín-ìn-nì so ó mọ́ ọn. Ahọ́n tó mọ́ tónítóní. Mo yí i wo ìdí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni òwú padà sẹ́yìn kó tó tán. Ẹ̀ẹ̀mejì ni tiwọn. Èmi ni mo máa ń padà lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n sì fi ṣe mí yẹ̀yẹ́ títí, wọ́n ní, "Ìwọ yìí ò fọkàn tán òwú."

Kì í ṣe pé wọ́n ń gbìyànjú láti rántí lọ́jọ́ yẹn. Ìdí òwú ni wọ́n ń wò. Wọ́n fi àtàǹpàkò kà á, ó pé mẹ́ta, wọ́n mọ ọwọ́ tó rán an, wọ́n mọ ohun tí ọwọ́ náà ṣe. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn níbẹ̀. Wọ́n wá wo ojú obìnrin tó gbọgbẹ́, wọ́n ní, ọwọ́ mi ni.

Kí ló dé tí wọn ò bá mi wí? Ẹ̀ bá ti bá mi wí, Bàámi. Ẹ̀ bá ti gbá mi létí níbẹ̀, lójú Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́… Mo ń sunkún. Kò burú, kò sẹ́ni tó rí mi. Wọ́n di èyí sínú báàgì. Ẹ̀wù méjì, irinṣẹ́ kan, àti èyí. Àpótí mẹ́ta ni mo fi pamọ́ fún wọn, wọ́n ti di báàgì tiwọn fún ibi tí wọn ò ti ní í padà. Wọ́n mọ ibi tí mọ́tò yìí ń lọ. Wọ́n mú ẹ̀rí ọwọ́ ara wọn dání, kó má bàa sí pé mo ń wá ohun tí màá fi hàn wọ́n. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ òdo, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ọsàn tó fara pa, mo rò pé ọmọ kékeré ni wọ́n ń kọ́. Èmi ni wọ́n ń dúró dè.

Wọ́n ń bọ̀. Táyà ti dé ìdí mọ́tò, ọkọ mi ń dè é. Àdììtú wo wá ni… awò wà lójú wọn! Ó wà lójú wọn níbẹ̀ yẹn. Ó ní láti jẹ́ pé ó ti wà lápò àyà wọn láti àárọ̀. Ṣé wọ́n gbàgbé ni? Tàbí wọ́n rán mi níṣẹ́ ni? Mi ò mọ̀. Mi ò lè mọ̀ ọ́n láé, mi ò sì ní í bi wọ́n.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ọmọ mi wọlé, òógùn bò ó. "Màmá, mo ti kọ ìkẹta. Ojú ewé kan ló kù. Tiyín ńkọ́?" Bàámi rọra ń jókòó, wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì. Ọkọ mi ti tẹná. Ó kù wákàtí kan ààbọ̀, Àǹtí á ti máa wo títì. Kò sí ohun tó yí padà. Wọ́n á sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀, èmi á padà láìsí wọn, ilẹ̀kùn irin yẹn á há, èmi nìkan ni màá fà á sókè. Ìyẹn dájú. Ó tọ́ pẹ̀lú. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

Mi ò tíì di kókó aṣọ ìnujú náà padà. Ó ṣí sílẹ̀ lórí itan mi.

Bàámi na ọwọ́ sẹ́yìn. Wọn ò wẹ̀yìn. Àtẹ́lẹwọ́ wọn wà lókè, bí wọ́n ṣe máa ń nà án sí mi láti abẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n bá ń béèrè irinṣẹ́, tí èmi á sì ti mọ èyí tí wọ́n ń fẹ́. Awò ni ẹni tó bá ń wò wá máa rò pé wọ́n ń béèrè.

Mo tú pín-ìn-nì. Ti ihò, mo dá a padà sínú báàgì, ìyẹn ti jẹ́jọ́ tó. Tèmi ni mo fi sí wọn lọ́wọ́, èyí tó mọ́ tónítóní. Ọwọ́ wọn pa dé. Àtàǹpàkò wọn tọ òwú lọ, ó dé ìdí, ó kà á lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì dúró síbẹ̀.

Bàámi. Kì í ṣe ọwọ́ yín. Ọwọ́ mi ni. Mo ti lanu báyìí, ohùn ló kù.